Ohun Tó Pa Ìnàkí Kò Kú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, ó dúró lẹ́sẹ̀ ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́yínká.

Ní ayé àtijọ́, bí Ọdẹ́yínká bá ti ń lọ sígbó, ará ìlú a kí i pé, "Àrìnpa o!" Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń kí i jù. Bí bàbá rẹ̀ bá ń bọ̀, a sáré dì mọ́ ọn: "Bàbá mi, àrìnpa o!"

Lọ́jọ́ kan, Àyọ̀ká lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ọdẹ́yínká wọgbó. Ó wá ẹtu, kò rí. Ó wá ìgalà, kò rí. Òkété lásán, kò rí! Ó dé ìdí igi òdán kan, àdán kún orí rẹ̀ bámúbámú. Ìnàkí ló bá nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lójú, ẹ̀jẹ̀ nímú. Ìnàkí kọrin. Ẹ gbè é o:

Ọdẹ, má gbé mi o,
*Jànjan-kírìjàn.*
Àjẹkù àdán ni mo jẹ,
*Jànjan-kírìjàn.*
Mò ń kú lọ o,
*Jànjan-kírìjàn.*
Ohun tó pa mí ò kú,
*Jànjan-kírìjàn.*

Ó sì kú.

Háà! Ọdẹ wo ló ń gbé òkúǹbete, ẹran tó kú fúnra rẹ̀? Èèwọ̀ ni! Ṣùgbọ́n ojú ń ti Ọdẹ́yínká. "Bí wọ́n bá kí mi ní àrìnpa, kí ni n ó fi hàn wọ́n?" Ẹ gbà mí o! Ó yìnbọn sí òkú, kó lè jọ èyí tí òun pa, ó sì gbé e wálé.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀bẹ.

"Bàbá Àyọ̀ká, ṣé ẹ̀yin lẹ pa á?"

"Èmi ni."

Ó kun ẹran, ẹ̀jẹ̀ yí i lọ́wọ́. Kò pẹ́, ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀jẹ̀ lójú, ẹ̀jẹ̀ nímú. Àwẹ̀ró kú. Ẹni tó wẹ òkú rẹ̀ kú. Ẹni tó dì mọ́ ọn sunkún kú. Yéè! Àìsàn ń rìn, ó ń pa. Ọdẹ ni wọ́n ń kí ní àrìnpa, àìsàn ló dáhùn!

Ara Ọdẹ́yínká náà gbóná. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ta ló ń sáré bọ̀ yẹn? Àyọ̀ká ni, ó na apá méjèèjì.

"Bàbá mi, àrìnpa o!"

"Dúró níbẹ̀! Má fọwọ́ kàn mí! Èmi kọ́ ni mo pa ẹran náà!"

Bàbá sá. Ọmọ ń sunkún, ó rò pé bàbá òun kò fẹ́ òun mọ́. Ọdẹ́yínká sá wọgbó, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lókèèrè:

Àyọ̀ká, má bọ̀ o,
*Jànjan-kírìjàn.*
Mò ń kú lọ o,
*Jànjan-kírìjàn.*
Ohun tó pa mí ò kú,
*Jànjan-kírìjàn.*

Abẹ́ igi òdán ló kú sí. Àyọ̀ká kò kú.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹran tí a kò bá mọ ikú tó pa á, ká má fọwọ́ kàn án. Àrùn ẹranko kò mọ ọ̀nà ìlú, ènìyàn ló ń gbé e wálé.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí o. Ẹ dìde, ẹ lọ fọwọ́ yín.