Ìdí Tí Omi Gbígbóná Fi Ń Hó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odò Tútù

Nígbà láéláé, nígbà tí òkè ṣì ń sọ̀rọ̀ tí odò sì ń dá a lóhùn, òkè gíga kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn igi kò lè bá a dé orí. Wọ́n bá a gùn dé agbedeméjì, ó sú wọn, wọ́n dúró síbẹ̀. Yìnyín nìkan ló ń gbé òkè téńté.

Abẹ́ yìnyín yìí ni Odò ti ń ṣàn jáde. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì tutù débi pé ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ wo ọwọ́ náà bóyá ìka rẹ̀ ṣì pé. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó ń gbé ìsàlẹ̀ kà á sí ìyá wọn. Wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì sí etí rẹ̀, wọ́n so agogo kọ́ ẹnu ọ̀nà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gun òkè lọ kí i.

Nígbà náà, kò sí omi gbígbóná kankan níbẹ̀. Iná ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ tẹ́ńpìlì, nínú ààrò ńlá kan tí wọ́n fi òkúta mọ. Kì í jẹ igi, kì í jẹ èédú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jó. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìrẹsì wá, Iná ni yóò bá a sè é. Wọn yóò gbé oúnjẹ náà lọ bá Odò, wọn yóò bu díẹ̀ sínú omi, wọn yóò sì di ìyókù lọ sílé kí ará ilé lè fi gba ìbùkún.

"Ìyá Odò, a dúpẹ́ o! Ìyá Odò, ẹ ṣeun o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá kọjá níwájú Iná, wọ́n á yáná díẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Kò sí ẹni tó ń sọ pé, "Iná, o kú iṣẹ́."

Iná fara dà á títí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹni tó ń se oúnjẹ fún gbogbo àlejò, tí àlejò kan kò yà kí! Ó dùn ún wọ egungun.

Lọ́jọ́ kan, ó pe Odò. "Odò, bí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ṣé o kò lè sọ fún wọn pé èmi ni mo sè é?"

Odò rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ dẹ́kun ìṣàn rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n má kí ọ ni? Èmi ni wọ́n wá wò. Ìwọ kàn ń se ìrẹsì ni."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Iná lọ́kàn.

"Mo kàn ń se ìrẹsì, àbí? Ó dáa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo búra, ojú mi kò ní rí ojú ọ̀run mọ́ lórí òkè yìí!"

Ó la àpáta, ó sì wọ inú òkè lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké tó ń gbé inú ààrò àwọn ará ìsàlẹ̀ kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní àyíká tẹ́ńpìlì, bí ènìyàn bá fi òkúta ṣáná títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kò ní rí nǹkan kan. Bí ẹlòmíràn bá gbé ẹ̀yinná láti ìsàlẹ̀ wá, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yinná ti kú.

Àwọn àlejò wá ń gbé ìrẹsì wá ní tútù, wọ́n ń gbé e padà ní tútù. Wọ́n ń kùn. "Ìgbéraga Iná ti pọ̀ jù," ni wọ́n ń wí. Ẹ kúkú mọ ọmọ aráyé: wọn kò rí ẹnu fi dúpẹ́, wọ́n rí ẹnu fi kùn.

Ní abúlé kan ní ìsàlẹ̀ òkè, ìyá arúgbó kan wà tí ń jẹ́ Bísíní. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ìyàwó ọmọ náà wá ọmọ títí, kò rí. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́ fún ọdún pípẹ́. Ni Bísíní bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé, "Ìyá Odò, bí ilé wa bá gbọ́ igbe ọmọ, ìrẹsì tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ jẹ láyé, etí odò yín ni n ó ti sè é."

Ẹ̀jẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì, ọjọ́ ayọ̀ ni. Gbogbo ẹbí á pé jọ, àwọn àgbà á fi ìka bu ìrẹsì sí ọmọ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa súre fún un.

Ọmọ dé lóòótọ́. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Sarúlì. Nígbà tó yá, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí àwọn àgbà bá ń jẹun, á tẹjú mọ́ ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ń jẹ, òun náà á máa ju ẹnu rẹ̀ lásán. Bísíní rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ pé àsìkò ti tó. Ó bu ìrẹsì tuntun láti inú ìkórè oko rẹ̀, ó dì í sínú aṣọ mímọ́.

"Màmá, wọ́n ní kò síná lókè mọ́," ni ọmọ rẹ̀ sọ fún un. "Òtútù sì ti dé."

"Ṣé nígbà tí mo ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, mo ní bí iná bá wà ni? Ìyá Odò ṣe tiwọn. Ó ku tèmi."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gun òkè. Ó ń sinmi, ó ń lọ, ó ń bá orúnkún rẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀lẹ wí. Ó kọjá ibi tí àwọn igi dúró sí. Nígbà tó gbọ́ ariwo Odò, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé àárẹ̀.

Nígbà tó dé tẹ́ńpìlì, ó bá àwòrò ibẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n kan, tó ń fi aṣọ wé ère Ìyá Odò. Bí ìgbà òtútù bá dé, ṣe ni wọ́n máa ń gbé ère náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí abúlé.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ tún gùnkè wá ṣe? Yìnyín ti fẹ́ bo ọ̀nà. Bí mo bá ti ìlẹ̀kùn yìí, ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́."

"Ìrẹsì ọmọ ọmọ mi ni mo fẹ́ sè."

"Háà, iná dà? Ẹ gbé ìrẹsì yín padà, ìyá mi. Ẹ wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Bísíní rò ó wò. Lọ́dún tó ń bọ̀ kẹ̀? Ṣé Sarúlì á máa ju ẹnu rẹ̀ lásán títí di ọdún tó ń bọ̀ ni? Bí òun bá sì fún un ní ìrẹsì mìíràn nílé, ẹ̀jẹ́ ti já nìyẹn. Omijé lé sójú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó lu agogo, ó kí Ìyá Odò, ó sì dúpẹ́ ọmọ tọkàntọkàn.

Bó ṣe yíjú padà, ó rí ààrò Iná. Eruku ti bò ó, àwọn ẹyẹ sì ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ṣe Bísíní láàánú. Nílé tirẹ̀, láràárọ̀ ló máa ń fi bọ̀tọ̀ màlúù pa ààrò kó tó dáná, òkèlè àkọ́kọ́ sì ni ti iná. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ààrò náà.

"Iná, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin lẹ se gbogbo oúnjẹ tí mo jẹ dàgbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Sarúlì, òtútù ń mú gan-an, ẹ̀yin lẹ bá wa mú omi gbóná tí a fi wẹ ìyá, tí a fi wẹ ọmọ. Ọpẹ́lọpẹ́ yín. Mo dúpẹ́."

Àwòrò wò ó. "Ìyá, ta lẹ ń kí? Iná ti lọ."

"Mo mọ̀. Bí mo bá délé ẹni tó ṣe mí lóore tí n kò bá a nílé, ṣé n ó torí ìyẹn ṣàìdúpẹ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, bó bá padà dé, ẹ bá mi sọ fún un pé Bísíní wá kí i."

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn òkè, Iná gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó gbórí sókè.

"Òkè, ta ló ń pè mí?"

"Ìyá arúgbó kan ni," ni Òkè fèsì.

"Kí ló fẹ́ kí n bá òun sè?"

"Kò tíì bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Ó ń nu ààrò rẹ, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Iná dìde dúró. Láti ìgbà tó ti délé ayé, ohun tó ti ń retí nìyí. Ó fẹ́ fò sókè lọ bá Bísíní, ṣùgbọ́n ó rántí ìbúra rẹ̀, ó sì tún jókòó. "Mo ti búra, n kò lè jáde mọ́. Yéè! Ta ló máa bá ìyá yìí se ìrẹsì rẹ̀ báyìí?"

Odò pẹ̀lú ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú tì í. Ó rọra gba inú àpáta wọlé, ó dúró lẹ́yìn ògiri òkúta.

"Iná, má bínú," ló wí. "Oúnjẹ tí ò ń sè ni mò ń jẹ, mo sì ń gba ọpẹ́ tìẹ mọ́ tèmi. N kò ṣe é dáa. Bí o kò bá lè jáde, jẹ́ kí n wọlé wá bá ọ."

Iná sún sẹ́yìn. "O fẹ́ pa mí ni? Bí omi bá fara kan iná, iná ti kú nìyẹn."

Òkè wá gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ kò rí ilé ìdáná rí ni? Nígbà tí wọ́n bá gbé omi kaná, ṣé wọ́n ń da omi lé iná lórí ni? Iná, dúró sí ìdí mi. Odò, bu lára omi rẹ sínú mi. Èmi ni n ó jẹ́ ìkòkò yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Iná jó pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Òkè gbóná. Omi Odò bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Lókè, ilẹ̀ mì lábẹ́ orúnkún Bísíní. Omi tú yàà jáde láti inú ààrò, ooru ń rú túú. Àwòrò sá, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ kan. Bísíní kò sá. Ó na ọwọ́ sí ooru náà, ó mọ ẹni tó dé, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀.

Ó fi okùn so ìdì ìrẹsì rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, ó jókòó tì í. Nígbà tó fà á jáde, ìrẹsì ti jinná, ó ń ta sánsán. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún Iná, ó bu òmíràn fún Ìyá Odò. Ó di ìyókù mọ́ àyà, ó sì sọ̀kalẹ̀ kí yìnyín tó bo ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n fi ìrẹsì náà sí Sarúlì lẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì tún ya ẹnu. Gbogbo ilé hó yèè.

Láti ọjọ́ náà ni omi gbígbóná ti ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tó tutù bíi yìnyín lórí òkè yẹn. Láti ọjọ́ náà sì ni àwọn tó bá gùnkè lọ síbẹ̀ ti ń kọ́kọ́ kí omi gbígbóná kí wọ́n tó kí Ìyá Odò, tí wọ́n sì ń di ìrẹsì sínú aṣọ, tí wọ́n ń sè é nínú rẹ̀ láìfi igi kankan dáná. Bí wọ́n bá ti sọ pé, "Iná, ẹ ṣeun," wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tẹ́tí. Lábẹ́ òkúta, omi náà á máa hó, á máa dá wọn lóhùn pé: kò tọ́pẹ́, kò tọ́pẹ́, kò tọ́pẹ́.