Aṣọ Tí Ọ̀pádìran Kò Tú Wò

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà ti pa á rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni àgbà ń wá lẹ́yìn? Ṣé ẹni tó ṣubú kò ní kọ́kọ́ wo orúnkún rẹ̀ ná? Mo ti rí àwọn tó ń pa òwe yìí nídìí ayò, tí wọ́n ń mi orí bí ẹni pé ó yé wọn. Kò yé wọn. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ahunṣọ kan wà ní Òkè-Agbede láyé àtijọ́, Ọ̀pádìran ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ṣẹ́ parí, ọ̀gá rẹ̀ ti súre fún un, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ aṣọ hun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Ní Ẹ̀bá-Odò, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀dọ̀ wọn, bàbá kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní Alásányán. Sányán tí bàbá yìí bá hun, ọba ló ń wọ̀ ọ́. Lọ́dọọdún, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ parí láti ìlú méjìlá máa ń fi abala aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i, kí ó lè gbà wọ́n sọ́dọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ àgbà. Wọ́n lè tó ọgọ́ta. Mẹ́ta péré ló ń mú.

Ẹni tí bàbá bá mú, aṣọ rẹ̀ kò ní padà wálé. Ìránṣẹ́ á wá lọ́wọ́ òfo, á ní kí ó múra. Ẹni tí kò bá mú, ìránṣẹ́ á gbé aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ ní dídì, á sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ènìyàn lè dán an wò. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó parí.

Lábẹ́ àtíbàbà kan náà ni Ọ̀pádìran àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Lájídé àti Àkàndé, ti ń hunṣọ. Ọdún kan náà ni wọ́n fi aṣọ ránṣẹ́. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ìránṣẹ́ dé. Ó ní kí Lájídé múra, ó ní kí Àkàndé múra, ó wá gbé ìdì kan kalẹ̀ níwájú Ọ̀pádìran.

Lájídé ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má jẹ́ kí ó dùn ọ́ jù. Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà."

"Mo gbọ́," ni Ọ̀pádìran wí. Kò tú ìdì náà. Ó sọ ọ́ sórí àjà, ó sì sin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìn odi.

Ìgbà tó padà dé abẹ́ àtíbàbà ló tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, bí òfì ẹnì kan bá dákẹ́, ti ẹlòmíràn á máa dún. Ní báyìí, bí tirẹ̀ bá dákẹ́, ó parí nìyẹn. Àwàdà á wá sí i lẹ́nu, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á gbé e mì. Bó bá di àsìkò oúnjẹ, òun nìkan náà ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ìdánìkanwà burú, pàápàá èyí tí ìtìjú bá gbé kọ́ni lọ́rùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní wọ́n mọ bàbá Lájídé ní Ẹ̀bá-Odò ni. Irọ́ ni; bàbá Lájídé kò dé ibẹ̀ rí. Ó ní aṣọ òun kò ní ọnà tó ni. Nítorí náà, lọ́dún kejì, ó fi òwú ẹtù dárà sí tirẹ̀ títí tí aṣọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríbi mí. Ó fi ránṣẹ́. Ìdì tún padà. Ó tún sọ ọ́ sórí àjà láìtú u. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí ẹni tí wọ́n bá dá aṣọ padà fún kì í sọ ọ́ síta. Oníkálukú ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ti ara rẹ̀ ni.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbòǹgbò igi ọdán kan yọ sókè lẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà náà. Ó ti gbé Ọ̀pádìran ṣubú tó ìgbà mélòó kan. Bó bá ti ṣubú, á yára dìde, á wo ojú ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, á gbọn eruku nù, á bá tirẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àṣàbí, arúgbó tó máa ń ran òwú fún un, ń gbé òwú bọ̀ nígbà tí gbòǹgbò náà gbé òun náà ṣubú. Òwú fọ́n ká.

Ọ̀pádìran sáré jáde. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dìde."

Ìyá kò tíì fẹ́ dìde. Níbi tó jókòó sí, ó yíjú padà, ó wo ẹ̀yìn. "Ṣé gbòǹgbò yìí ni?"

"Òun ni, Ìyá. Ó máa ń gbé èmi náà ṣubú."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì."

"Ọdún méjì. O sì ní àdá nílé." Ìyá wò ó. "Bí o bá ṣubú, kí lo máa ń wò?"

"Mo máa ń wo ọ̀nà, bóyá ẹnì kan rí mi."

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọdé ni ọ́, ọmọ mi. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Àgbà ló ń wo ẹ̀yìn, nítorí ọ̀nà yìí náà ló máa tún gbà lọ́la."

Ọ̀pádìran gé gbòǹgbò náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn yí, ó wọlé, ó gbójú sókè wo àjà, ó sì gbé ìdì méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ó tú ti àkọ́kọ́.

Létí aṣọ náà, níbi tó kù díẹ̀ kó parí, ẹnì kan ti so fọ́nrán òwú pupa kan mọ́ ọn. Ó tú ìkejì. Òwú pupa wà níbẹ̀ náà, ó tilẹ̀ ti sún kúrò níparí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó to abala méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni fẹ́ rán wọn pọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, etí wọn pàdé. Láti ibi òwú pupa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, títí àtàǹpàkò fi lè gba àárín wọn kọjá. Bí iṣẹ́ bá ti ń parí lọ, ọkàn Ọ̀pádìran a ti bọ́ sọ́nà Ẹ̀bá-Odò, ọwọ́ rẹ̀ a máa fa òwú le, aṣọ a sì máa sún kì. Ọnà tó fi ẹtù dá kò bo èyí.

Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n kọ̀ ọ́. Alásányán ti fọwọ́ tọ aṣọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi òwú pupa sàmì sí ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀; ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì, òun tó rò pé òun kò lẹ́nì kankan ni kò dáhùn.

Aṣọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò ní ọnà kankan. Láràárọ̀ ló ń fi ìka wọn ìbú rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá, á dìde, á lọ mu omi, á jókòó títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, kí ó tó tún fọwọ́ kan òfì. Ó fi ránṣẹ́.

Iṣu tuntun jáde, ìránṣẹ́ yọ lókèèrè. Ìdì kan wà léjìká rẹ̀. Ọ̀pádìran rò pé tòun ni. Ó dúró, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

Ìránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sọ ìdì náà kalẹ̀. Ó ní, "Níbo nilé Olóyèdé?"

Ọ̀pádìran nawọ́ sí i. Ọ̀dọ́ ahunṣọ kan ni Olóyèdé, ọdún yìí ló kọ́kọ́ dán an wò.

"O ṣeun," ni ìránṣẹ́ wí. "Ìwọ, múra."

Inú Ọ̀pádìran dùn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún lábẹ́ àtíbàbà. Ó mú ọ̀nà ilé Ìyá Àṣàbí pọ̀n. Nígbà tó ń kọjá nílé Olóyèdé, ó rí i pé ilẹ̀kùn wà ní títì ní ọ̀sán gangan. Ó dúró. Ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ọ̀pádìran ni."

Olóyèdé dáhùn láti inú ilé. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Ẹ kú oríire."

"Ìdì yẹn dà?"

"Mo ti sọ ọ́ sórí àjà."

"Gbé e wá," ni Ọ̀pádìran wí. "Ṣílẹ̀kùn, kí a jọ tú u wò."

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí ẹnì kan bá tún bi yín ohun tí àgbà ń wá lẹ́yìn, ẹ sọ fún un pé fọ́nrán òwú pupa kan ni.