Àmín Àbọ̀sẹ̀dé

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ìjọ lọ gbàdúrà fún Àbọ̀sẹ̀dé, ìyá ọmọ tuntun tí ọyàn rẹ̀ gbẹ. Àdúrà gbóná, ṣùgbọ́n Àmín rẹ̀ kò dún rárá.

“Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré,” ni Ìyá Ìjọ wí.

Màmá Rúùtù, àgbà kan nínú wọn, kò gbà. Ó yọ́ lọ wo ààrò, ó bá ológbò tó sùn sórí eérú tútù. Ó lé e, ó dáná, ó po ẹ̀kọ gbígbóná.

“Màmá, àdúrà là ń gbà lọ́wọ́ o,” ni ọ̀dọ́bìnrin kan nínú wọn wí.

“Ẹ máa gbà á lọ, ọmọ mi. Ìdáhùn rẹ̀ ló wà lórí iná yìí.”

Àbọ̀sẹ̀dé mu ẹ̀kọ náà yó. Nígbà tí wọ́n tún gbàdúrà, Àmín rẹ̀ jí ọmọ, ọmọ sì rí ọyàn mu.

Láti ọjọ́ náà, ààrò onílé ni Ìyá Ìjọ ń kọ́kọ́ wò kó tó dárin àdúrà.