Ọjọ́ Tí Ẹrẹ̀ Sáré Ní Igbó Máwobẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri àti ẹ̀yin tí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ Ọdẹ́gbèmí ni mo fẹ́ sọ, àgbà ọdẹ ìlú Ìsàlẹ̀-Orókè, ọmọ Ọdẹ́ṣínà tó gbá ẹfọ̀n létí tí ẹfọ̀n tọrọ àforíjì, ọmọ-ọmọ Ògúnjìnmí tí kò pa ẹran kankan rí, ṣùgbọ́n tí ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún kan tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá, Ọdẹ́gbèmí gbé ìbọn, ó wọ Igbó Máwobẹ̀ lọ, níbi tí àwọn iwin ń gbé nínú àfonífojì lẹ́sẹ̀ òkè gíga kan. Ó bá Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́sàn-án níbẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ bàtà wíwọ̀ láàárọ̀ tí ilẹ̀ ń ṣú bá a níbẹ̀. Ó bá Elétí-Ewé-Kókò tó ń fi etí ṣe agboòrùn. Ó bá Onímú-Ọ̀pá, tí imú rẹ̀ máa ń délé ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Ọba wọn ni Orí-Ń-Dán, apárí tí ìlara irun ń pa. Nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun nírun ju òun lọ, ó ti ní kí wọ́n gé gbogbo igi orí òkè náà, kí wọ́n sì dáná sun koríko rẹ̀. Òkè wá ń dán bí orí ọba.

Ọdẹ́gbèmí wo òkè, ó rí i pé ilẹ̀ ti là. Ó wo odò; odò tó yẹ kó kún nínú òjò ti dákẹ́ lójijì, ìwọ̀nba omi tó kù sì ki bí ògì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó sì ṣàlàyé ohun tí baba rẹ̀ kọ́ ọ: pé gbòǹgbò igi ni okùn tó so ilẹ̀ òkè, ewé sì ni òrùlé rẹ̀, bí a bá mú méjèèjì kúrò, ilẹ̀ yóò máa mu òjò títí yóò fi yó bí ọ̀mùtí, kò ní lè dúró mọ́, òun àti omi yóò pò pọ̀ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yóò sì gba ojú àfonífojì sáré wá, tòun ti òkúta, tòun ti kùkùté. Ó ní ilẹ̀ tó ya lókè ló ti dí odò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi já, kí wọ́n tètè gba ẹ̀gbẹ́ gun òkè kejì.

Ọba rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí, ẹrẹ̀ tí mo fi ń mọlé ni yóò wá lé mi? Àbí ẹrẹ̀ ló lé baba rẹ dé ọ̀run?"

"Kábíyèsí," ni Ọdẹ́gbèmí dáhùn, "orí ẹní gbígbẹ ni baba mi kú sí. Lónìí, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ń fi ẹrẹ̀ mọlé, tàbí ẹrẹ̀ ni yóò fi yín mọlé."

Kò tíì pa ẹnu dé tí òkè fi kùn bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà àjẹjù. Ẹrẹ̀ yọ, ó pọ́n, ó ga ju òrùlé lọ, ó gbé àpáta bí ẹni gbé ẹ̀kọ. Ọdẹ́gbèmí gbàgbé orókún tó ń dùn ún, ó gba ẹ̀gbẹ́ sá gòkè. Àwọn iwin sáré tẹ̀lé e, àfi Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́sàn-án tí ẹsẹ̀ mẹ́ta fẹ́ lọ sókè, tí mẹ́fà fẹ́ lọ sísàlẹ̀, títí Onímú-Ọ̀pá fi imú wọ́ ọ. Ọba nìkan ló bá ojú odò sá lọ sísàlẹ̀. Ta ní ń bá ẹrẹ̀ sáré lójú ọ̀nà ẹrẹ̀? Ó bá a, ó yí i bí àkàrà nínú epo, ó sì rì í dé ọrùn.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ọdẹ́gbèmí na okùn sí ọba, ṣùgbọ́n kò tíì fà á. Ó béèrè bóyá kábíyèsí yóò gbin igi padà sórí òkè, tàbí kí òun máa lọ sílé.

"Màá gbìn ín," ni ọba wí. "Bí o bá fẹ́, màá gbin irun náà."

Wọ́n fà á yọ. Àwọn iwin fi ẹtu méjì dá Ọdẹ́gbèmí lọ́lá, ó sì délé pẹ̀lú ìgbéraga, ẹrẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, rò pé ògiri ilé ló ń rìn. Ó fi omorogùn lé e yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ìlú gbọ́ ìtàn rẹ̀, wọ́n dáwọ́ igi gígé dúró lórí òkè ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fá orí òkè tí ẹ ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí odò bá sì dákẹ́ lójijì láàárín òjò, ẹ má dúró bi í léèrè ohun tó ń rò. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ gòkè. Ọ̀hún ni kí ẹ ti máa bú odò náà.