Òwe Tí Ìyá Amọ̀kòkò Pa ní Ṣakí

Wọ́n ní ìyá náà gbọ́ ọ o... fóònù ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà-ń-gbà... ọmọ rẹ̀ ló ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀... wọ́n ní ó tẹ̀ ẹ́ pa, ó tún dún, ó tún tẹ̀ ẹ́ pa... wọ́n ní nígbà tó wá dé ọ̀hún, ó fọwọ́ gbé ọmú, ó ní àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, láéláé... ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, báyìí náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ẹnu kan kì í sọ ọ́ parí. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èkejì á mirí, ẹ̀kẹta á gbé e relé. Inú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni òwe tí gbogbo Òkè Amọ̀, àdúgbò wa, ń pa lónìí ti jáde: "Wọ́n bi fóònù léèrè, wọn ò bi ọwọ́ léèrè." Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Irọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn ti ń bí mi nínú tipẹ́, torí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà. N kò lẹ́nu láti bá àgbà jiyàn lójúkojú. Ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Gbádébọ̀ ni ìyá tí à ń wí. Amọ̀kòkò ni, òun àti màmá mi jọ ń mọ ìkòkò lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Gbádébọ̀, àkọ́bí, ń kọ́ ilé fún àwọn èèyàn ní Èkó. Láyíwọlá tó tẹ̀ lé e ń ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn. Mórẹ́nikéjì, àbíkẹ́yìn, lọ́kọ sí Ṣakí, ọ̀rọ̀ ọkọ yìí sì ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ìyá ní Ṣakí jìnnà jù, ó ní ta ni yóò máa yọjú sí òun. Ó pẹ́ tí òun àti ọmọ rẹ̀ fi ń ki ara wọn bí ẹni ń kí ará ọ̀nà. Oyún ló parí ìjà náà. Nígbà tí Mórẹ́nikéjì gbé e wálé, ìyá dì mọ́ ọn, ó ní, "Ọjọ́ tí ìkúnlẹ̀ bá dé, ṣáà pè mí. Bí amọ̀ bá wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni màá gbé e wá."

Mórẹ́nikéjì mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ amọ̀kòkò kì í gbẹ lójúmọmọ, gíláàsì fóònù kì í sì í gbọ́ ti ọwọ́ tí amọ̀ bò. Ọmọ náà jókòó ti fóònù Áńdíróìdì tí ìyá rẹ̀ ń lò, ó ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, èyí tí a fi ń gbé ohùn sókè, ni ìyá yóò máa tẹ̀ láti gbé ìpè.

"Màmá, bó bá ti dún, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ tẹ ibi tó yọ yìí, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ yín lọ."

Ó tún fi àwòrán ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń pe ìyá síbẹ̀, torí ojú ìyá kò ríran ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi mọ ibẹ̀. Ìyá Gbádébọ̀ á máa dán etí ìkòkò, fóònù á dún, àtàǹpàkò rẹ̀ á lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń họ ara.

Lásìkò Àjíǹde, àwọn ọkùnrin méjèèjì wálé. Wọn kò tíì fọ abọ́ oúnjẹ tí ìjà wọn fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń jà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pàdé: fóònù ta ló dára jù? Áífóònù ni Gbádébọ̀ ń lò, Áńdíróìdì ni ti Láyíwọlá.

"Bùọ̀dá mi, ẹ̀wọ̀n lẹ wà," Láyíwọlá ní. "Ẹ̀wọ̀n olówó gọbọi. Bọ́tìnnì àtipadà sẹ́yìn lásán, wọn ò fún yín. Ẹni tó bá wọnú tiyín á máa wá ẹnu ọ̀nà kiri bí àlejò nínú agboolé olóyè."

"Ní tiwa, a kì í padà sẹ́yìn," Gbádébọ̀ dá a lóhùn. "Tiyín ńkọ́? Orúkọ kan, ojú ọgọ́rùn-ún. Ti Láyíwọlá ò jọ ti Làmídì, ti Làmídì ò jọ ti Lámúrúdu. O ní kóo wo aago, wọ́n á kọ́kọ́ polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí fún ọ. Àbí wọ́n mọ̀ ọ́ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń mọ ìkòkò rẹ̀ lọ.

"Ó dáa, kí Màmá dájọ́," Gbádébọ̀ ní. Ó yọ Áífóònù kan tó ti pa tì látinú báàgì rẹ̀. "A ó ki síìmù wọn sínú èyí. Kí wọ́n lò ó títí a ó fi tún wálé. Bí wọ́n bá ráhùn, o borí. Bí wọn ò bá ráhùn, o ò tún gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ fóònù mọ́ títí ayé."

"Mo gbà," ni Láyíwọlá wí. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ síìmù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ju fóònù àtijọ́ sínú báàgì tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe màgòmágó.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò ṣe mí ní nǹkan kan o," ìyá wí.

"Màmá, ohun tó dáa lẹ ò tíì rí," Gbádébọ̀ ní.

Wọ́n ní kó lọ fọwọ́. Wọ́n fi aṣọ nù ún fún un. Wọ́n ní kó fi ìka fa ojú gíláàsì náà lọ sápá ọ̀tún bó bá dún. Wọ́n pè é, ó fà á, ó wọlé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró. Ọwọ́ tí wọ́n fọ̀ fún un ni wọ́n fi dán fóònù wò. Ọwọ́ tí amọ̀ bò tó ń gbé kiri láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Wọ́n lọ.

Nígbà tí fóònù tuntun náà dún nídìí amọ̀, àtàǹpàkò ìyá lọ síbi tó mọ̀. Bọ́tìnnì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ni ó wà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí èyí, bí ìpè bá ń wọlé, ṣe ni bọ́tìnnì yẹn ń mú ariwo rẹ̀ dákẹ́. Kì í gbé ìpè. Ariwo á dákẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tó bá gbé ìpè lórí ti àtijọ́. Ìyá á gbé e sétí. "Haló? Haló? Ta nìyẹn?" Kò sí ìdáhùn. Àwòrán kankan ò sì sí lójú rẹ̀ tí yóò fi mọ ẹni tó ń pè, torí àwọn ọmọ rẹ̀ kò kó àwòrán wá sórí tuntun. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì," á wí bẹ́ẹ̀, á sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́ tí à ń to ìkòkò jọ fún sísun ni ìkúnlẹ̀ dé. Ní Ṣakí, Mórẹ́nikéjì fi ọwọ́ kan di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó fi èkejì di fóònù mú. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Ní tiwa níhìn-ín, ìṣojú mi ni ìyá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó ń kígbe "haló" sínú afẹ́fẹ́, tó ń bú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nígbà tó sú ọkọ Mórẹ́nikéjì, ó pe Gbádébọ̀ ní Èkó.

"Ṣé ó ń dún?" Gbádébọ̀ bi í.

"Ó ń dún dáadáa."

"A jẹ́ pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Fóònù yẹn kì í ṣàṣìṣe."

Gbólóhùn yẹn ló dáná sun ilé. Kò ní kí wọ́n pe màmá mi. Kò ní kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Fóònù ló gbèjà. Ọkọ náà sì gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ: wọ́n ń gbọ́ ọ. Mórẹ́nikéjì bímọ tòun ti omijé, kì í sì í ṣe ìrora nìkan ló pa á lẹ́kún. Ó ní ìyá òun kò tíì dárí jì òun.

Ará àdúgbò wa kan tó ń ná ọjà Ṣakí ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà délé. Gbogbo ẹnu ti gbọ́ kí ìyá ọlọ́mọ tó gbọ́. Nígbà tó kan màmá mi létí, kò fi pamọ́. Ó lọ dúró lórí Ìyá Gbádébọ̀ níbi tó ti ń gún amọ̀.

"Ìyá Gbádébọ̀, wọ́n ní Mórẹ́ ti bímọ. Wọ́n ní ó pè yín títí ó fi rẹ̀ ẹ́, pé ẹ ń tẹ̀ ẹ́ pa."

"Mórẹ́ wo? Mórẹ́ ò pè mí!"

"Ó pè yín."

Mi ò ní gbàgbé ojú ìyá. Kò fọwọ́. Amọ̀ bò ó dé ìgúnpá. Ó mú fóònù náà nílẹ̀, ó bọ́ sójú títì, èmi àti màmá mi sì sáré tẹ̀ lé e. Nínú ọkọ̀ Ṣakí, amọ̀ ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń já bọ́ sórí aṣọ obìnrin tó jókòó tì í. Obìnrin náà wò ó lójú lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

A bá àwọn ọkùnrin méjèèjì níbẹ̀. Wọ́n ti wá kí ọlọ́mọ. Mórẹ́nikéjì wà lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó wí. Kò yíjú.

"Mà!" Bí ẹni ń kí nọ́ọ̀sì. Mo rí i bí ó ṣe gún ìyá láyà. Ó lanu láti sọ̀rọ̀, Láyíwọlá sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ fà á. Bó bá ṣe pé Áńdíróìdì ni..."

"Kí ni fóònù ṣe? Fóònù dún! Ẹni tó bá..."

"Láyíwọlá," ìyá ní, "pe fóònù yìí."

"Màmá?"

"Mo ní kóo pè é!"

Ó pè é. Fóònù dún lọ́wọ́ ìyá. Àtàǹpàkò tí amọ̀ bò lọ síbi ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo dákẹ́. Ìyá gbé e sétí níwájú gbogbo wa: "Haló? Haló? Ta nìyẹn?" Fóònù Láyíwọlá sì ń pè lọ ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e.

Mórẹ́nikéjì ti yíjú padà. Àtàǹpàkò yẹn ló tẹjú mọ́.

"Màmá," ó ní, "ibi tí mo fi hàn yín lẹ tẹ̀."

"Ibẹ̀ náà ni, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tó dún, ibẹ̀ náà ni."

Mórẹ́nikéjì bú sẹ́kún. Bí ọ̀ràn ì bá ti parí síbẹ̀, òwe kankan kì bá tí jáde. Ṣùgbọ́n ojú Gbádébọ̀ mọ́lẹ̀ gbòò bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

"Ẹ ò rí i! Fóònù ò jẹ̀bi! Ó ní ibi tá a ti lè ṣètò rẹ̀ kó máa gbé ìpè fúnra rẹ̀."

"Níbo? Ẹ fi hàn wá!" ni Láyíwọlá wí. "Ní tiwa, kò tó ìṣẹ́jú..."

"Mú un wá. Wò ó, wọ ibí yìí ná."

"Bùọ̀dá mi, ẹ ti sọnù. Mo sọ fún yín pé ẹ ò ní bọ́tìnnì àtipadà!"

Wọ́n forí korí lórí gíláàsì náà. Ọmọ tuntun ń ké, ìyá rẹ̀ ń sunkún, kò sí èyí tó gbójú sókè nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá Gbádébọ̀ dìde. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò fọwọ́ kan ọmú. Kò ṣépè. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wọn lójú, tòun ti amọ̀ gbígbẹ tó ń já bọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n jáde. Ọkùnrin tó ń kọ́ ilé ní Èkó jáde, olùkọ́ jáde, wọ́n lọ dúró sínú oòrùn bí ọmọ tí wọ́n lé níléèwé. Ìyá béèrè omi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá títí omi fi mọ́, ó sì tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti wẹ ọmọ.

Ìdí òwe náà nìyẹn. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga síbi tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń pọnmi kò lè dé, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí irú ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, àwọn àgbà á pa á. Bí àwọn ọmọ bá ń du ohun tí wọ́n máa ṣe fún òbí wọn, tí ẹnikẹ́ni ò bi òbí pé kí ló ń fẹ́, wọ́n á pa á. Ẹni tó ń lo nǹkan ni kí a kọ́kọ́ bi. Iyàn èyí tó dára jù lè dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan ya ọ̀dọ̀ wa nídìí amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ màmá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni pé ó gbé ọmú, pé ó ní láéláé... Màmá mi ju amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbì. "Mo wà níbẹ̀," ó ní. "N ò ní yọ níbẹ̀, n ò ní fi kún un. Ohun tó sọ ni pé: 'Ẹ bi fóònù léèrè, ẹ ò bi ọwọ́ léèrè. Ọwọ́ tó wẹ̀ yín nìyí.'"