Oníkáàdì àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Obìnrin

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ káàdì ṣíṣe. Kì í ra káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ jáde láti tún un tà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ó máa ń gbẹ́ òǹtẹ̀ sára rọ́bà, á fi yíǹkì kùn ún, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle títí òdòdó tàbí ẹyẹ tàbí ọmọ ọwọ́ yóò fi hàn lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ra ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná gé bébà. Ohun tó bá yà sórí kọ̀ǹpútà, abẹ kékeré inú ẹ̀rọ náà yóò gé e bó ṣe yà á gẹ́lẹ́, ìbáà tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ń wá bá a, àwọn tó bímọ ń wá, àwọn tí èèyàn wọn ń ṣàìsàn náà ń wá.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sí inú káàdì. Bí oníbàárà bá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kọ ọ́, yóò ní, "Ìta rẹ̀ ni mo tà fún yín. Inú kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ bá èèyàn yín sọ." Òfin tó dára ni. Ọ̀rọ̀ ọkàn ẹni kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń gbé fún oníṣẹ́ ọwọ́.

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkùnrin náà ṣì ń rá kòrò, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà kí àbúrò rẹ̀ lè lọ sílé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò débẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yìí wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, níbi tí oníbàárà mẹ́ta jókòó sí. Ó mú káàdì kan, ó ní ojú ẹyẹ orí rẹ̀ jọ ojú ewúrẹ́. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí ọkùnrin náà láti àárọ̀, nítorí abẹ tó kán sínú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè ka orúkọ ara yín, kí lẹ mọ̀ nínú iṣẹ́ bébà?"

Àwọn oníbàárà wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé káàdì náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì jáde. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ránṣẹ́. Ó ní, "N kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ṣáà sọ fún mi pé ohun tó sọ kò dára."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ọkùnrin náà mọ̀ pé òótọ́ ni, kò sì lè sọ ọ́. Ìtìjú dì í lẹ́nu.

Ní ọdún kẹrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ. Bàbá ọmọ náà ti kú, kò sì ku ọkùnrin kan nínú ìdílé bàbá rẹ̀ tó sún mọ́ wọn. Àbúrò ìyá rẹ̀ yìí ló yẹ kó jókòó sí ipò bàbá lọ́jọ́ ìdána, kó gbọ́wọ́ lé e lórí, kó súre fún un. Ọmọbìnrin náà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀.

"Ọ́ńkù, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá ní bí ẹ bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ipò yín wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, àwọn á fi ẹlòmíràn sí i."

"Màá fi káàdì ránṣẹ́ sí i," ni ọkùnrin náà wí. "Irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí nílùú yìí."

"Ọ́ńkù, ẹ ṣáà wá."

"Fọkàn balẹ̀. Bó bá fojú kàn án báyìí, ẹkún ni yóò sun."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń lẹ ríbọ́ọ̀nù nítòsí gbójú sókè. "Bàbá Ìbídùn, ṣé ẹ̀rọ yìí ni yóò bá yín dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Ìwọ, lẹ ríbọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun: ọmọdébìnrin kan tó pọn ọmọkùnrin kékeré sẹ́yìn. Ìgbà mẹ́rin ló gbẹ́ ẹ kí ojú ọmọdébìnrin náà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ẹ̀rọ gé ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé. Ó gé igi ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn nígbà èwe, tòun ti èso rẹ̀. Ó gé òdòdó mọ́kànlélógún, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n yí etí káàdì náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Ó ń sọ pé òun jẹ̀bi, pé òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà, pé ojú ń ti òun. Ó sọ ọ́ nínú ọkàn tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi fúyẹ́, bí ara ẹni tó ti sọ tẹnu rẹ̀ tán. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ó pa káàdì náà dé, ó fi í sínú àpòòwé bó ṣe ń ṣe fún gbogbo oníbàárà, ó sì fi rán ọlọ́kadà.

Ohun kan wà tí kò mọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ti bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin náà ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà. Ọdún mẹ́rin ló fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó ń pe a, b, d pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ ìwé kà.

Nígbà tí àpòòwé náà dé, ó nu orí tábìlì, ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì fa káàdì yọ. Ó rí ọmọdébìnrin tó pọn ọmọ. Ó mọ ẹni tí í ṣe, ó sì mọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣí i láti ka ohun tí àbúrò rẹ̀ kọ, ìwé àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò kọ sí i tí yóò fi ojú ara rẹ̀ kà.

Inú rẹ̀ funfun báláú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó yí i pa dà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbọn àpòòwé náà, bóyá ìwé kékeré kan yóò já bọ́. Ó rò pé bóyá gíláàsì òun ni, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Ó gbé káàdì náà lọ sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo wọn pé lé e lórí.

"Àrokò ni," ni bàbá kan tó ń ṣọ́ géètì wí. "Láyé àwọn bàbá wa, bí wọ́n bá fi ohun òfìfo ránṣẹ́ síni, ó ní ìtumọ̀."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ìyẹn ni n kò rántí mọ́."

Télọ̀ kan ní yíǹkì kan wà tí kì í hàn àfi bí wọ́n bá yá a níná. "Ẹ jẹ́ ká yá a níná wò."

"Kí o lè sun ún! Gbọ́wọ́ rẹ kúrò níbẹ̀."

"Àbí ó fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ ni?" ni ẹlòmíràn béèrè. "Bóyá kí ẹ kọ 'mo ti dárí jì ọ́' síbẹ̀, kí ẹ dá a pa dà fún un."

"Ẹni tó ṣẹ̀ kò kọ nǹkan, èmi tí wọ́n ṣẹ̀ ni kí n wá kọ ọ́? O ò ṣe kúkú ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un!"

Olùkọ́ wọn, tó kéré sí gbogbo wọn lọ́jọ́ orí, ní, "Bóyá ó gbàgbé ni."

Wọ́n fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Tíṣà, ẹ gbà wá o! Ẹni tó rántí lẹ òdòdó mọ́kànlélógún, òun ló gbàgbé ọ̀rọ̀?" Olùkọ́ náà rí i pé àwọn tó dàgbà jù òun lọ ń rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì jọ̀wọ́ òótọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà kò rẹ́rìn-ín. Bó ti ń rìn lọ sílé ló rò pé ọ̀rọ̀ náà ti yé òun. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ó mọ ohun tó ṣe. Àwòrán ni wọ́n ń fi han ẹni tí kò mọ̀wé. Ó rò pé bí òun bá kọ nǹkan sí i, ta ni yóò kà á fún mi? Ó tún èébú rẹ̀ bù ni." Ó fi káàdì náà sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Bàbá onílé wa ni kí wọ́n fi sí ipò bàbá. Má tún dárúkọ àbúrò mi sí mi létí mọ́."

Ọkùnrin náà ń retí èsì. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó wá ọlọ́kadà lọ, ẹni yẹn sì fi Ọlọ́run búra pé ọwọ́ ìyá náà gan-an ni òun fi í lé. Nígbà náà ni ìdààmú bá a. Ṣé òdòdó náà ti pọ̀ jù ni? Ṣé ilẹ̀kùn ilé náà ti lẹ̀, tí kò ṣí? Àbí ojú ọmọdébìnrin yẹn kò jọ ọ́? Ó tún òǹtẹ̀ náà gbé sójú iná, ó ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá àléébù níbi gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ dé, kò sì wá a níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ dìde, ẹ lọ bá wọn."

"Bí mo bá lọ láìjẹ́ pé ó pè mí, tó sì lé mi ńkọ́?"

Bí ìdána ti ń sún mọ́lé, ìdààmú náà di ìbínú. Ó ní ọkàn ẹ̀gbọ́n òun ti yigbì, pé irú ẹ̀bẹ̀ wo ló kù tí òun kò bẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n dána ọmọ náà, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ẹ̀rọ gé káàdì ìgbéyàwó fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìdána, ọmọbìnrin náà ń di ẹrù rẹ̀, ó sì rí káàdì náà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ náà ti ra káàdì púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó mọ òfin àbúrò ìyá rẹ̀. Kò jiyàn. Ó mú káàdì náà, ó lọ bá a.

"Ọ́ńkù, kí lẹ kọ sínú káàdì yìí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Ṣé wọn kò rẹ́ni kà á fún un ni?"

"Màmá mọ̀wé kà, Ọ́ńkù. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bú wọn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Ojú rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tó dá a lójú pé ó wà níbẹ̀. Ó wò ó títí. Ó fi ìka nu bébà funfun náà, bí ẹni pé eruku ló bò ó.

"Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́," ó wí. "Mo sọ ọ́."

Ó na ọwọ́ sí bírò. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo káàdì. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ́ńkù. Ẹ má kọ ọ́ mọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ, lọ́wọ́ òfo. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń sá aṣọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo sọ sí yín lójú àwọn oníbàárà kò dára. Mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí."

Obìnrin náà sá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ ti bà ọ́ láṣọ jẹ́. Mo ti dárí jì ọ́." Nígbà tí ọkùnrin náà dìde tán, ó wò ó lójú. "Ṣé bó ṣe kéré tó nìyí?"

"Bó ṣe kéré tó nìyí, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàbá onílé kò mọ orúkọ ọmọ mi dáadáa. Orúkọ ọmọ ẹlòmíràn ló fi súre fún un, àwọn èèyàn sì ń ṣe àmín. Títí wọ́n fi mú un dìde lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ń wo ọ̀nà."

Ọkùnrin náà súre fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àárín ẹrù tí wọ́n ti dì ló dúró sí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ gbé ọmọ náà lọ.

Má ṣe wí fún mi pé ẹ̀rọ ló fa èyí. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ náà gé ló gé. Má sì wí pé ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó tan ara rẹ̀.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, láti oṣù tí o ti purọ́ fún ìyàwó rẹ tí àṣírí sì tú, o ti di ènìyàn jẹ́jẹ́. O kun yàrá rẹ̀, o ra fáànù, ìwọ lò ń mú ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. O rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti yé e láti ara gbogbo ìwọ̀nyí. Kò yé e. Ó ń wò ọ́, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè irọ́ tuntun wo lo tún ń fi ọ̀dà bò. Ìyàwó rẹ kò sí nínú ọkàn rẹ níbi tí o ti ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ kò bá sọ jáde, ọgbẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún un, ọgbẹ́ kì í sì í sọ̀rọ̀ ire.

Ó wà nílé báyìí. Lọ bá a, kí o la ẹnu rẹ.