Awẹ̀ró Tó Fi Èéfín Rúbọ

Ikọ́ ń ṣe Ìgè, ọmọ kan ṣoṣo tí Awẹ̀ró bí. Bó bá ń wúkọ́, ọkàn ìyá rẹ̀ kì í balẹ̀; bó bá dáwọ́ dúró, ẹ̀rù a tún bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sáré gbọ́wọ́ lé ọmọ náà láyà, bóyá ó ṣì ń mí.

Ní ìlú wọn, Ìdí-Àfọ̀n, òkè òrùlé ni wọ́n ti ń mọ obìnrin gidi. Tílẹ̀ bá mọ́ tí èéfín kò rú nílé ìdáná rẹ, wọn á ní ọ̀lẹ ni ọ́, ebi ń pa ọkọ rẹ. Nítorí náà, ẹni tó ti se oúnjẹ tán á tún ki igi tútù bọ ààrò, kí èéfín lè ga. Àfi bí ẹni pé èéfín là ń jẹ. Àbúrò Awẹ̀ró tilẹ̀ ti gbé ààrò tí ń lo iná oòrùn wá fún un, èyí tí kì í rú èéfín. Ojú ń ti Awẹ̀ró. Ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ohun-tí-ará-àdúgbò-ń-wò-kì-í-bọ́-ọmọ, ìyánífá etí odò, ló dá a fún Awẹ̀ró. Òun náà ló dá a fún Ìbíwùmí aládùúgbò rẹ̀, nítorí ikọ́ ń ṣe ọmọ tirẹ̀ náà.

“Ẹ rúbọ,” ni ìyánífá wí. “Ẹyẹlé kọ̀ọ̀kan, epo, àti gbogbo igi ìdáná ẹ̀yìn ilé yín. Ẹ má ṣe dáná igi mọ́ níbi tí ọmọ ń sùn.”

Awẹ̀ró ní, “Ìyá, kí ni wọ́n máa wí sí mi?”

“Ohun tí wọ́n máa wí gan-an lẹbọ.”

Ìbíwùmí yínmú. “Kí ilé mi wá dà bí ahoro? Kò ní í ṣẹlẹ̀, Ìyá.”

Awẹ̀ró rúbọ, ó fa ààrò oòrùn yọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ bu oúnjẹ, ó gbé e gba ojú ọjà kọjá wá fún un, ó ní ebi kò gbọdọ̀ pa ọmọ òun. Awẹ̀ró kúnlẹ̀ gbà á, ó wọlé lọ sunkún. Lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kó tọrọ igi. Ṣùgbọ́n ó fara dà á, títí àyà Ìgè fi rọ̀, tó ń sáré lé ewúrẹ́ kiri.

Ìbíwùmí ní tirẹ̀ fi kún igi tútù, káyé lè rí i. Ọyẹ́ dé, ikọ́ náà le, ọmọ rẹ̀ kú.

Ẹbọ Awẹ̀ró fín. Ẹni tó yínmú sí awo ló fi ìka àbámọ̀ bọnu. A kì í dáná nílé ọ̀fọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín kò rú nílé Ìbíwùmí, kò sì sẹ́ni tó pè é lọ́lẹ.